Tápẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó ṣáájú nọ́súlù: bí a ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ológun àtijọ́ ṣe

Ọkọ̀ ológun àtijọ́ kì í tètè kú. Bí wọ́n bá ti tà á ní gbàǹjo, ẹni tó rà á á gbé e wọ igbó, á máa fi wọ́ gẹdú, tàbí kó máa fi kó òkúta àti yanrìn. Ní Èkìtì níbí, òkè ló ń tú àṣírí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tó ń rìn dáadáa láti Adó sí Ìkéré lè gbé ẹrù dé ẹsẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè kó wá máa tu èéfín, kí awakọ̀ máa rẹ gíá sílẹ̀ títí dé ìkíní, síbẹ̀ kó má gòkè.

Pọ́ǹpù dísù tàbí nọ́súlù, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ni gbogbo èèyàn máa ń sọ pé ó bàjẹ́. Wọ́n á tú nọ́súlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n á gbé wọn lọ bá kálíbrétọ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ dán nọ́súlù wò, owó á lọ, èéfín ò ní lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà láàárín fáàfù àti rọ́kà, apá irin tó ń ti fáàfù ṣí. Bí àlàfo yẹn bá há jù, fáàfù kò ní padé. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń tanná sí epo. Afẹ́fẹ́ tí píísìtìnnì tẹ̀ pọ̀ ló ń gbóná débi pé epo á gbiná fúnra rẹ̀. Bí fáàfù kan, ìyẹn ìlẹ̀kùn irin tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tàbí tí èéfín ń gbà jáde, kò bá padé dáadáa, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde, ooru ò ní tó, epo tí nọ́súlù tó dára fọ́n wọlé ò ní jóná tán, èéfín funfun tó ń rùn bí dísù á sì máa jáde. Nọ́súlù aláìṣẹ̀ ni wọ́n á dá lẹ́bi.

Ẹ́ńjìnnì wo là ń sọ?

OM 352 ti Mercedes-Benz ni. Ó ní sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀lé ara wọn, ó sì gba lítà 5.7. Òun ló wà nínú 911 tí gbogbo wa mọ̀. Òun náà ló wà nínú LA 911, ìyẹn 911 tí gbogbo táyà rẹ̀ ń fa ọkọ̀, àti nínú Unimog 416 tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun lò. Èyí dùn mọ́ wa, torí ohun èlò 911 kò ṣọ̀wọ́n, ẹ ó sì rí tòkunbọ̀ rẹ̀ ra ní ọjà Ládìpọ̀ l'Ékòó bí ẹ kò bá rí i nítòsí. Nínú 911, bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ ó ṣí. Nínú Unimog, ìdérí ẹ́ńjìnnì wà nínú ilé awakọ̀ fúnra rẹ̀, àyè rẹ̀ sì há.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ológun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní M939 ló wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ Cummins NHC-250, ẹ má fi ohun tí mo fẹ́ sọ nípa nọ́súlù ṣe é. Nínú Cummins yẹn, káàmù, ọ̀pá tó ń yí láti ṣí fáàfù, ló ń ti nọ́súlù náà, ó ní rọ́kà tirẹ̀ lókè bíi ti fáàfù, nítorí náà àkókò kan náà ni wọ́n ń ṣètò nọ́súlù àti fáàfù, ìwé ọkọ̀ náà ló sì máa sọ ìwọ̀n rẹ̀. Nínú OM 352, pọ́ǹpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń fi agbára ti epo gba inú páípù irin lọ sí nọ́súlù. Kò sí ohunkóhun láti yí lára nọ́súlù náà nígbà tó bá wà lórí ẹ́ńjìnnì.

Kí ẹ tó ṣí ohunkóhun

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sùn mọ́jú. Ìwọ̀n tí mo máa fún yín, ti ẹ́ńjìnnì tó tutù pátápátá ni, kì í ṣe ti èyí tó ṣì lọ́ wọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ máa ń kánjú níbí: ọkọ̀ dé láago méjì ọ̀sán, láago mẹ́ta wọ́n ti ń ki fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo, bọ abẹ́ rọ́kà. Irin tó gbóná ti wú, nítorí náà àlàfo tí ẹ bá rí nígbà náà kì í ṣe òótọ́. Àárọ̀ kùtù ló dára jù.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa háńbúrékì, ẹ fi igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fi gíá sí fúrì. Ẹ fa ọwọ́ tó ń pa ẹ́ńjìnnì síta kó má bàa ṣe é ṣe fún epo láti wọlé nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ yí i. Ẹ yọ wáyà bátìrì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ológun ló ń lo fóòtì 24, bátìrì méjì tí wọ́n so pọ̀, nítorí náà ẹ rí i pé wáyà tí ẹ yọ ti gé iná kúrò pátápátá.

Ohun èlò kò pọ̀: fílà géèjì tí abẹ́ rẹ̀ kò tíì jẹ, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu, súkúdíráífà tó lẹ́nu dáadáa, irin gígùn láti fi yí ẹ́ńjìnnì, tọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀kì, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun fún ìdérí òkè, àti bébà pẹ̀lú bírò. Ẹ má fojú kéré bébà yẹn, mo máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà, ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀kì ìrẹ́ǹṣì, sípánà tó ń wọn bí a ṣe de nǹkan le tó, de àwọn bóòtì tọ́ọ̀pù náà bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí. Dídè yẹn máa ń yí àlàfo tápẹ́ẹ̀tì padà. Ẹni tó bá ṣe tápẹ́ẹ̀tì kó tó dè é máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Tápẹ́ẹ̀tì

1. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà nu eruku orí ìdérí òkè kí ẹ tó tú u. Eruku ọ̀nà igbó wa, yanrìn ni. Bó bá já sínú ọ́ìlì, bẹ́ríìnì ló máa lọ jẹ. Lẹ́yìn náà ẹ tú ìdérí, ẹ gbé e kúrò.

2. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lọ́dọ̀ rédíétọ̀ ni 1, èyí tó kẹ́yìn lọ́dọ̀ gíábọ́ọ̀sì ni 6. Fáàfù méjì ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ínlẹ́ẹ̀tì kan, ẹ́sọ́ọ̀sì kan. Ẹ má méfò: ẹ fojú tẹ̀lé páípù. Fáàfù tó kọjú sí ẹnu ihò tí páípù afẹ́fẹ́ ti wọlé ni ínlẹ́ẹ̀tì, èyí tó kọjú sí ti páípù èéfín ni ẹ́sọ́ọ̀sì. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí ojú má bàa ṣì yín.

3. Àlàfo ínlẹ́ẹ̀tì jẹ́ 0.20 mm. Ti ẹ́sọ́ọ̀sì jẹ́ 0.30 mm. Ẹ́sọ́ọ̀sì fẹ̀ jù torí iná tó ti jó tán ló ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Ó ń gbóná ju ínlẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì ń gùn sí i. Ínlẹ́ẹ̀tì ní afẹ́fẹ́ tútù tó ń tù ú lára.

4. Ẹ fi irin gígùn yí ẹ́ńjìnnì láti ara nọ́ọ̀tì púlì iwájú. Bí ẹ bá kọjú sí rédíétọ̀, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni kí ẹ yí i. Ẹ rọra yí i; bí kọ́mpréṣọ̀n, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí píísìtìnnì tẹ̀ pọ̀, bá dí i mú, ẹ dúró díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ yọ́, kí ẹ tó máa bá a lọ.

5. Ibí ni kókó iṣẹ́ wà. Àwọn sílíńdà ń gbiná ní ìtẹ̀léra 1, 5, 3, 6, 2, 4. Píísìtìnnì méjì-méjì ló ń gòkè pọ̀: 1 àti 6, 5 àti 2, 3 àti 4. Nígbà tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wà lókè pẹ̀lú fáàfù tó padé pinpin, èkejì rẹ̀ á wà lókè pẹ̀lú fáàfù tó ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn: ẹ́sọ́ọ̀sì ń parí pípadé, ínlẹ́ẹ̀tì ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣí, rọ́kà méjèèjì ń rìn ní ọ̀nà òdìkejì. Ẹ wo èyí tí rọ́kà rẹ̀ ń rìn báyẹn, kí ẹ sì ṣètò ẹnìkejì rẹ̀.

Rọ́kà 6 ń rìn: ẹ ṣètò 1.
Rọ́kà 2 ń rìn: ẹ ṣètò 5.
Rọ́kà 4 ń rìn: ẹ ṣètò 3.
Rọ́kà 1 ń rìn: ẹ ṣètò 6.
Rọ́kà 5 ń rìn: ẹ ṣètò 2.
Rọ́kà 3 ń rìn: ẹ ṣètò 4.

Láti orí ìlà kan sí èkejì, ìdá mẹ́ta ìyípo kan ni púlì máa yí. Bó bá ti yí pé ẹ̀ẹ̀mejì, gbogbo fáàfù méjìlá ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ yín. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju wíwá àmì lára púlì lọ, torí ọkọ̀ tó ti dàgbà tó báyìí, ẹ kò mọ ẹni tó ti pààrọ̀ púlì rẹ̀ rí.

6. Kí ẹ tó yí súkúrù kankan, ẹ kọ́kọ́ wọn àlàfo tó wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí bébà. Àlàfo àtijọ́ ló ń sọ ìtàn ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́sọ́ọ̀sì kan bá ti há ju àwọn yòókù lọ, fáàfù rẹ̀ ń rì sínú àga rẹ̀, ibi tó ń padé lé, díẹ̀díẹ̀. Bí òmíràn bá fẹ̀ gan-an, ẹnu rọ́kà ti jẹ, tàbí ọ̀pá tápẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ti rọ́kà láti ìsàlẹ̀, ti wọ́. Ẹ fi ìka yí ọ̀pá náà nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Èyí tó wọ́ á máa jó bó ṣe ń yí. Bí kò bá sí àlàfo rárá, fáàfù yẹn kò tíì ń padé láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí iná ti jó o. Ẹ ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé ẹ máa yẹ kọ́mpréṣọ̀n sílíńdà náà wò.

7. Ẹ fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó de súkúrù, ẹ fi súkúdíráífà yí súkúrù náà, ẹ ki fílà sáàárín ẹnu rọ́kà àti orí fáàfù. Ó yẹ kó wọlé kó sì máa fà díẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá ń fa bébà jáde lábẹ́ ìwé tó wúwo. Ẹ fi ọwọ́ kan di súkúrù mú gbọin, kí ẹ fi èkejì de nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn dídè, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀tì máa ń fa súkúrù lọ díẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́, torí wọ́n ti kọjá sí èyí tó kàn. Fún ìdánwò, fílà 0.20 gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ínlẹ́ẹ̀tì, 0.25 kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Fílà 0.30 gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ẹ́sọ́ọ̀sì, 0.35 kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún rọ́kà tí ẹnu rẹ̀ ti ní kòtò. Fílà jẹ́ irin pẹlẹbẹ, á gùn lé etí kòtò náà, á sọ fún yín pé àlàfo jẹ́ 0.30 nígbà tí kòtò ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sọ ọ́ di púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí tápẹ́ẹ̀tì kan bá ń ké ta-ta-ta lẹ́yìn tí ẹ ti ṣètò rẹ̀ dáadáa, ẹ tú rọ́kà yẹn, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ẹ má fún súkúrù há kí ariwo bàa lè dákẹ́. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń ké díẹ̀ sàn ju èyí tó dákẹ́ torí pé fáàfù rẹ̀ kò padé mọ́, èyí tó dákẹ́ ló ń jóná.

8. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì ní ìyípo méjì sí i, ẹ tún wọn gbogbo rẹ̀. Ẹ nu ojú ìdérí, ẹ fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ẹ dè é níwọ̀nba. Dídè àdèjù ló ń mú kí gáskẹ́ẹ̀tì yọ síta, tí ọ́ìlì á fi máa jò sórí páípù èéfín gbígbóná.

Ẹ wá ta á, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ kó ẹrù sí i, ẹ gbé e lọ sí òkè. Bí agbára bá ti padà, tí èéfín ti lọ, ẹ fi nọ́súlù sílẹ̀ níbi tó wà.

Nọ́súlù

Bí èéfín kò bá lọ, ẹ ka àwọ̀ rẹ̀. Èéfín dúdú lórí òkè túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: ẹ kọ́kọ́ wo fítà afẹ́fẹ́, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tó fura sí nọ́súlù tó ń kán epo dípò kó fọ́n ọn. Èéfín tó dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó, nọ́súlù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èéfín funfun pẹ̀lú òórùn dísù lẹ́yìn tí tápẹ́ẹ̀tì ti tọ́ lè wá láti ọ̀dọ̀ nọ́súlù, tàbí kí kọ́mpréṣọ̀n ti dínkù.

Láti mọ èyí tó ń ṣàìsàn, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sí sílò. Ẹ wọ gíláàsì ojú, ẹ fi àkísà bo nọ́ọ̀tì páípù nọ́súlù àkọ́kọ́, ẹ tú u díẹ̀ kí epo máa jáde níbẹ̀. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, tó ń gbọ̀n sí i, sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Ẹ dè é padà, ẹ lọ sí èkejì. Èyí tí ẹ bá tú tí kò sí ìyàtọ̀ kankan, òun ni ọ̀lẹ.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò ó. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ sí ojú nọ́súlù tó ń fọ́n epo láé. Agbára tó wà lẹ́nu rẹ̀ lè gún epo wọ inú ara láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ jáde púpọ̀. Ó lè dà bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún, kó má sì dun èèyàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran ara inú lọ́hùn-ún á máa kú, ọwọ́ lè lọ sí i. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ iṣẹ́ yín, ilé ìwòsàn ni lọ́gán, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé dísù ló gún un pẹ̀lú agbára. Ẹ má fi àgbo tàbí ìgbóná sí i, ẹ má sì dúró di ọ̀la.

Kí ẹ tó yọ nọ́súlù, ẹ fọ àyíká rẹ̀ mọ́ tónítóní. Tú páípù irin, tú páípù kékeré tó ń dá epo padà, kí ẹ sì fi ọ̀rá tó mọ́ dí gbogbo ẹnu tó ṣí sílẹ̀. Irin iṣẹ́ tó bá ohun tó dì í mú ni kí ẹ lò. Ẹ má fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù gbá a. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ ní 1 dé 6. Abẹ́rẹ́ inú nọ́súlù àti ilé rẹ̀, ìbejì ni wọ́n, wọn kì í pààrọ̀ ara wọn pẹ̀lú ti nọ́súlù míì.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà kí ẹ sì wá wáṣà bàbà àtijọ́. Ó máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ tí ẹ tún fi tuntun lé e lórí, nọ́súlù á ga ju bó ṣe yẹ lọ, epo tó ń fọ́n ò ní balẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ṣe é sí lórí píísìtìnnì, èéfín dúdú á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ.

Ẹ gbé wọn lọ bá kálíbrétọ̀ ní Adó, kí ẹ sì dúró tì í. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fojú ara yín rí lórí ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀. Èkíní ni agbára tí nọ́súlù fi ń ṣí: ní OM 352, nǹkan bíi 200 bar ni, kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì sún mọ́ ara wọn. Èkejì ni bó ṣe ń fọ́n: kó rí bí ìrì, kó jáde dọ́gba láti gbogbo ihò rẹ̀, kó má sí èyí tó ń ṣàn bí okùn. Ẹ̀kẹta ni jíjò: kó fi ọwọ́ di agbára náà mú ní 20 bar sí ìsàlẹ̀ ibi tó ti ń ṣí, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹnu nọ́súlù má kán sílẹ̀. Bí agbára bá kéré, kálíbrétọ̀ á fún sìpíríìnì inú rẹ̀ le sí i. Bó bá ń jò tàbí tó ń fọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn tó ti fọ̀ ọ́, ẹnu nọ́súlù tuntun ló kù, kò sí àtúnṣe míì. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ẹnu rẹ̀. Ti bàbà ni kó lò.

Nígbà tí ẹ bá ń dá wọn padà, wáṣà bàbà tuntun ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àmì tó wà lára nọ́súlù bọ́ sí ojú àyè rẹ̀, torí bí ihò ẹnu rẹ̀ ṣe kọjú sí ìhà kan ní ìdí. Ẹ fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ nọ́ọ̀tì páípù kí ẹ tó lo sípánà. Bí páípù kò bá balẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ tú bíráákẹ́ẹ̀tì tó dè é, ẹ má tẹ̀ ẹ́ tipátipá.

Yíyọ afẹ́fẹ́

Ẹ tú súkúrù orí fítà dísù díẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ ti pọ́ǹpù kékeré tó wà lára pọ́ǹpù ńlá títí epo á fi jáde láìsí fóòmù. Ẹ dè é, kí ẹ ṣe bákan náà ní súkúrù ara pọ́ǹpù ńlá. Ẹ dá ọwọ́ tó ń pa ẹ́ńjìnnì padà, ẹ so bátìrì, ẹ tú nọ́ọ̀tì páípù lórí nọ́súlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹnì kan sì ta á. Kó má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́ẹ̀kan, kí sítátà sinmi fún ìṣẹ́jú kan kí ó tó tún un ṣe. Bí epo bá ti ń jáde níbi gbogbo, ẹ dè wọ́n.

Ọkọ̀ tó ti dúró pẹ́ kí wọ́n tó tà á máa ń ní omi àti èérí nísàlẹ̀ táǹkì. Ẹ fa ìsàlẹ̀ táǹkì àti ti fítà jáde kí nọ́súlù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó lé lórí tó gba epo. Dísù tí ẹ rà nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kó tòrò, kí ẹ má sì da ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú táǹkì.

Lẹ́yìn ẹrù àkọ́kọ́, ẹ pa á, ẹ fi àkísà gbígbẹ nu ẹ̀yìn gbogbo nọ́ọ̀tì páípù, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo bóyá ọ̀kan ń sun. Ẹ tún wọn tápẹ́ẹ̀tì ní ọdọọdún, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé tí ọ̀nà igbó á gbẹ tí iṣẹ́ gẹdú á sì pọ̀, kí ẹ sì gbé bébà ọdún tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ẹ́sọ́ọ̀sì tó bá tún há lẹ́ẹ̀kan sí i lórí sílíńdà kan náà, ẹ gbé tọ́ọ̀pù lọ fún wọn láti lọ fáàfù àti àga rẹ̀ kí iṣẹ́ tó wọra.